Jackie Chan: Ṣé Ìyà Ló Sọ Ọ́ Di Gbajúmọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ ni mo kọ síbí.

Ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: Jackie Chan. Àwọn òbí wa wò ó nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, àwa wò ó nínú sídíì, àwọn àbúrò wa ń wò ó ní ègé-ègé lórí fóònù. Ọkùnrin kan náà ni gbogbo wa rí: ẹni tó ń fi àga jà, tó ń gun ògiri bí ọ̀bọ, tó bá gbá èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ tán, á tún máa ju ọwọ́ tirẹ̀ nítorí ó dun òun náà.

Ìbéèrè kan máa ń jáde nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀. Báwo ló ṣe dé ibi tó dé? Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ìyà ni. Wọ́n ní wọ́n nà án ní kékeré, ọ̀gá rẹ̀ kò gbojú bọ̀rọ̀ fún un, ìdí nìyẹn tó fi là. A fẹ́ràn irú ìdáhùn yẹn gan-an. Ọ̀gá tó ń lu ọmọṣẹ́ ń sọ ọ́, olùkọ́ tó mú pàṣán dání náà ń sọ ọ́. Nítorí náà, mo fẹ́ kí a yẹ ìtàn rẹ̀ wò láti ọdún dé ọdún. Lójú tèmi, àwọn ọdún yẹn kò bá ìdáhùn náà mu.

Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá

Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1954 ni wọ́n bí i ní Hong Kong, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Chan Kong-sang ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ṣáínà sá wá ni, nígbà ogun abẹ́lé. Ilé aṣojú ìjọba Faransé ni wọ́n ti ríṣẹ́: bàbá ń dáná, ìyá ń tọ́jú ilé. Victoria Peak tí wọ́n ń gbé, àdúgbò olówó ni, ṣùgbọ́n yàrá ọmọọ̀dọ̀ ni tiwọn.

Nígbà tí ọmọ náà tó nǹkan bí ọdún 7, bàbá rẹ̀ ríṣẹ́ alásè ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Canberra, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Wọ́n mú ọmọ lọ sí China Drama Academy ní Kowloon, ilé ẹ̀kọ́ opera Beijing tí ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Yu Jim-yuen ń darí. Ẹ má rò pé orin nìkan ni opera yìí o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ orin, kó mọ ijó, kó lè tàkìtì, kó lè fi idà àti ọ̀kọ̀ jà, kí èrò ìwòran sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ojú rẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí á mọ irú ìwé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí. Ọdún mẹ́wàá. Ọ̀gá ni yóò máa bọ́ ọmọ, òun ni yóò máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Owó tí ọmọ bá pa lórí ìtàgé, ti ọ̀gá ni. Chan fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé ó wà nínú ìwé náà pé ọ̀gá lè fìyà jẹ ọmọ bó ṣe fẹ́, kódà bí ìyà náà bá la ikú lọ.

Ìdájí ni wọ́n ń jí. Wọ́n á fi ọwọ́ dúró, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, títí apá á fi máa gbọ̀n. Wọ́n á ya ẹsẹ̀, wọ́n á tàkìtì, wọ́n á kọrin, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, igi ni. Ìwé kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Títí tí Chan fi dàgbà ló ń sọ pé kíkà àti kíkọ ṣòro fún òun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló ń fi Yuen, tó wá láti inú orúkọ ọ̀gá, ṣe orúkọ orí ìtàgé. Yuen Lo ni ti Chan. Ọmọkùnrin kan tó sanra wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, Sammo Hung. Yuen Biao wà níbẹ̀, Corey Yuen wà níbẹ̀, Yuen Wah náà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tún wà tó ń jẹ́ Yuen Qiu. Ẹ rántí Kung Fu Hustle tó jáde ní 2004? Ìyá onílé tó fi sìgá sẹ́nu, tó ń pariwo tí gbogbo àdúgbò ń mì, Yuen Qiu nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ nínú fíìmù náà, Yuen Wah ni. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ti tú

Ìṣòro kan wà tí kò sí nínú ìwé àdéhùn. Èdè àríwá Ṣáínà ni wọ́n fi ń ṣe opera Beijing, Cantonese sì ni ọ̀pọ̀ ará Hong Kong ń sọ. Èrò ìwòran kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, sinimá sì tún ń kó èyí tó kù lọ. Ní 1967, tẹlifíṣọ̀n TVB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n kò ní láti sanwó kó tó wò ó. Ọgbà ìgbafẹ́ Lai Yuen ni àwọn ọmọ ọ̀gá Yu ti máa ń ṣeré, láàárín àwọn tó wá ṣe fàájì.

Chan gba fríìdọ́ọ̀mù ní 1971. Ó jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Ibi kan ṣoṣo tó kù ni sinimá. Àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ń wá ọmọ tó lè jábọ́ láti orí òrùlé, kó gbọn eruku nù, kó sì tún gun òrùlé náà padà bí olùdarí bá ní kò dáa tó. Stuntman ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n máa ṣubú dípò òṣèré. Kámẹ́rà kì í sábà fẹ́ rí ojú wọn.

Bí ẹ bá wo Fist of Fury ti 1972, ní ìparí, Bruce Lee gbá olórí àwọn ọ̀tá rẹ̀ nípàá, ọkùnrin náà sì fò jáde síta. Chan ló fò yẹn dípò òṣèré náà. Nínú Enter the Dragon ti 1973, ó wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Bruce Lee lù bolẹ̀. Àwọn òkìtì tí a rò pé Bruce Lee ta nínú fíìmù yẹn, Yuen Wah ló bá a ta wọ́n. Ẹ ò rí i pé àwọn ọmọ opera ti wà nínú fíìmù tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, tí a kò mọ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1973, Bruce Lee kú. Ẹni ọdún 32 ni. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ di ọ̀wọ́n fún àwọn stuntman. Chan wá iṣẹ́ títí, kò rí, ó kó ẹrù lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Canberra. Ó ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹni tó mú un dé ibi iṣẹ́ náà ń jẹ́ Jack, ni wọ́n bá ń pe Chan ní Jack kékeré. Jack yìí ló di Jackie.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí ná. Ọdún mẹ́wàá ti pé. Gbogbo igi tí wọ́n fẹ́ nà án ni wọ́n ti nà án tán. Ara rẹ̀ le, kò sí ohun tí ọ̀gá kọ́ ọ tó gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé ìyà ni àṣírí rẹ̀, ó yẹ kó ti là. Lébìrà ló ń ṣe.

Dírágónì ẹlòmíràn

Olùdarí kan wà tó ń jẹ́ Lo Wei. Òun ló darí The Big Boss àti Fist of Fury fún Bruce Lee. Bruce Lee ti kú, Lo Wei ṣì fẹ́ kí ọjà náà máa lọ. Willie Chan, tí òun àti Jackie kò bá ara wọn tan rárá, ló fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ sí Canberra pé kó máa bọ̀. Ní 1976, Chan ṣe New Fist of Fury, èyí tó gba ibi tí fíìmù Bruce Lee parí sí tẹ̀síwájú.

Ẹ gbọ́ orúkọ tí wọ́n fún un. Orúkọ tí àwọn ará Hong Kong mọ Bruce Lee sí ni Siu-lung, ìyẹn dírágónì kékeré. Wọ́n pe Chan ní Sing Lung, ẹni tó di dírágónì. Wọn kò tíì yà á ní fíìmù tí orúkọ ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un: kó di ẹlòmíràn.

Wọ́n ní kó fajúro. Wọ́n ní kó máa gbẹ̀san. Shaolin Wooden Men jáde ní 1976, To Kill with Intrigue jáde ní 1977, òmíràn tún tẹ̀lé e, ọjà kò yá. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí Chan fi ṣe yẹ̀yẹ́, Half a Loaf of Kung Fu. Lo Wei kò fẹ́ràn rẹ̀, ó gbé e pamọ́. Ọdún 1980 ni fíìmù náà tó jáde, nígbà tí olówó rẹ̀ ti di gbajúmọ̀, tí ohunkóhun tó bá ní ojú Chan nínú sì ń tà.

Ọdún tí wọ́n jẹ́ kó ṣeré

Ní 1978, Ng See-yuen, ẹni tó ni iléeṣẹ́ Seasonal, yá Chan lọ́wọ́ Lo Wei fún fíìmù méjì. Yuen Woo-ping ló darí wọn. Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ kò bá mọ orúkọ rẹ̀: òun ló wá to ìjà inú The Matrix ní 1999. Bàbá rẹ̀, Yuen Siu-tien, tí òun náà ti inú opera wá, ló ṣe arúgbó tó ń kọ́ Chan níjà. Snake in the Eagle's Shadow ló kọ́kọ́ jáde. Drunken Master tẹ̀lé e lọ́dún kan náà, ó sì tà wìtìwìtì.

Ẹni tí Chan ṣe nínú Drunken Master ni Wong Fei-hung. Èèyàn gidi ni, oníṣègùn àti ọ̀gá ìjà ní gúúsù Ṣáínà. Láti 1949 ni òṣèré kan tó ń jẹ́ Kwan Tak-hing ti ń ṣe é, nínú fíìmù tó ju 70 lọ, gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà ọlọ́wọ̀ tí kì í ṣìwàhù. Chan mú àgbà yìí padà sí ìgbà èwe rẹ̀, ó sọ ọ́ di ọmọ alágídí tó ń jẹun láìsanwó, tó ń sá fún ìdánrawò.

Mo ní kí ẹ lọ wo fíìmù yẹn, kí ẹ sì máa wo bí wọ́n ṣe ń jà. Wọ́n á lù, wọ́n á dúró díẹ̀ kí ojú rí wọn, wọ́n á tún lù. Ìlànà orí ìtàgé opera nìyẹn, níbi tí ìlù ti ń sọ fún òṣèré ìgbà tó yẹ kó dì dúró. Ẹ wo bó ṣe ń yí ojú, bí bẹ́ǹṣì ṣe di ohun ìjà, bó ṣe ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí tí kò sì ṣubú. Kò sí èyí tó kọ́ ní 1978 nínú gbogbo rẹ̀. Ó ti mọ̀ wọ́n láti ọmọdé. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jẹ́ kó fi wọ́n ṣeré.

Ibi kan wà tí mo máa ń dá padà wò. Ọ̀gá ọ̀mùtí yẹn so ọmọ rọ̀, orí nísàlẹ̀, ó ní kó máa fi ife kékeré bu omi láti inú garawa tó wà nílẹ̀ sínú èyí tó wà lókè. Èrò ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ̀ nípa Kowloon, ẹ ó rí i pé ẹni tó wà lórí igi yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ inú fíìmù náà sì sá lọ, ohun tí ìwé àdéhùn kò fún Yuen Lo láyè láti ṣe.

Chan ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà nínú ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Níbi tí Bruce Lee ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè, òun á gbé tòun sílẹ̀. Níbi tí Bruce Lee ti máa ń lù láìmì, òun á lù, òun á sì jẹ́ kó hàn pé ó dun òun. Ó dẹ́kun kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń di dírágónì, ọjà sì yí padà.

Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Bí ẹnì kan bá ní orí rẹ̀ ló kàn sọ jí ní 1978, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó tẹ̀lé e. Iléeṣẹ́ Golden Harvest gbà á, ó darí The Young Master fúnra rẹ̀ ní 1980, ó tà. Lọ́dún kan náà, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà láti ṣe The Big Brawl lábẹ́ Robert Clouse, ẹni tó darí Enter the Dragon. Wọn kò jẹ́ kó to ìjà bó ṣe mọ̀ ọ́n. Kò tà bí wọ́n ṣe rò. Ní 1981, nínú The Cannonball Run, wọ́n fi í ṣe awakọ̀ ará Japan. Ohun kan ló rí mú bọ̀ níbẹ̀: fíìmù náà fi àwọn àṣìṣe òṣèré sí ìparí. Àwọn àṣìṣe tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn fíìmù Chan, ibẹ̀ ló ti wá. Èyí tó yàtọ̀ ni pé egungun ló máa ń kán nínú tirẹ̀.

Ó padà sílé. Ní 1983, òun, Sammo Hung àti Yuen Biao ṣe Project A. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan kò sì ní láti sọ fún èkejì ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni Chan ti rọ̀ mọ́ ọwọ́ aago ńlá kan lókè ilé gogoro, tó sì jábọ́, tó fa aṣọ ìbòòrùn méjì ya kó tó délẹ̀. Ó ti wo fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò ní ohùn, ti Buster Keaton àti ti Harold Lloyd. Lloyd ti rọ̀ mọ́ ọwọ́ aago nínú Safety Last! ní 1923. Èyí tí Chan fi kún un ni ìṣubú.

Ní 1985, ó tún gbìyànjú Amẹ́ríkà pẹ̀lú The Protector. Wọ́n tún sọ ọ́ di ọlọ́pàá afajúro tó gbé ìbọn. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, ó wá darí Police Story lọ́dún kan náà, bí ẹni ń sọ pé báyìí ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Police Story gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ ní Hong Kong.

Ẹ bá mi kà á. Láti 1976 sí 1978, ẹlòmíràn ló pinnu ẹni tó máa jẹ́, ó kùnà. Ní 1978, wọ́n fún un láyè, ó yege. Ní 1980, wọ́n gba àyè náà, ó kùnà. Ní 1983, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ó yege. Ní 1985, ọ̀nà méjèèjì nínú ọdún kan ṣoṣo. Iye igi tí wọ́n nà án ní Kowloon kò yí padà láàárín gbogbo ìgbà yẹn.

Owó tí ara san

N kò fẹ́ kí ó dà bíi pé eré lásán ni. Ní ìparí Police Story, ó fò mọ́ òpó kan tí wọ́n fi iná wẹ́wẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nínú ilé ìtajà, ó yọ̀ bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, iná ń bẹ́ lọ́nà. Ọwọ́ rẹ̀ jóná, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣèṣe. Gíláàsì tí wọ́n fọ́ nínú fíìmù náà pọ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ìtàn gíláàsì.

Kò pẹ́ sígbà náà, ní Yugoslavia, níbi tí wọ́n ti ń ya Armour of God, ó fò mọ́ igi kan. Àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀ka kán, ó fi orí sọ òkúta. Agbárí rẹ̀ fọ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀kan nínú etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí di òní.

Láti 1983 ló ti kó àwọn stuntman tirẹ̀ jọ. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ìbánigbófò kọ̀ láti gba iṣẹ́ wọn, òun ló ń san owó ilé ìwòsàn wọn. Ọmọ tí wọ́n fi àdéhùn mú, tí owó tó pa lọ sápò ọ̀gá, nígbà tó di ọ̀gá, ìdàkejì ló ṣe.

Àwọn tó kù, ẹ mọ̀ ọ́n. Rumble in the Bronx wọ Amẹ́ríkà ní 1996, ó sì gba ipò kìíní lọ́sẹ̀ tó jáde, fíìmù Hong Kong tí Chan ṣe bó ṣe fẹ́. Rush Hour dé ní 1998. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n fún un ní Oscar ọlọ́lá fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ìyà náà ńkọ́?

Ẹnì kan lè sọ fún mi pé, ìwọ náà wò ó, bí kò bá jẹ́ ilé ọ̀gá Yu, níbo ni yóò ti kọ́ òkìtì? Òótọ́ ni. Ìdánrawò ọdún mẹ́wàá ló fún un ní ara tó fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìdánrawò yàtọ̀ sí ìyà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé inú ilé kan náà. Àwọn ọmọ mìíràn gba igi yẹn bíi tirẹ̀, àwọn díẹ̀ péré la mọ orúkọ wọn. Àwọn tó kù kò sí lórí ètò kankan láti wá sọ pé ìyà ló sọ àwọn di èèyàn. Ohun tí igi fún Chan fúnra rẹ̀, tí kò sì ṣe é yọ̀ǹda, ni ìwé tí kò lè kà dáadáa.

Ní 1988, wọ́n ṣe fíìmù Painted Faces nípa ilé ẹ̀kọ́ náà. Sammo Hung ló ṣe ọ̀gá Yu, ọmọṣẹ́ wọ aṣọ ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù lọ ní Hong Kong. Ìfẹ́ wà nínú fíìmù náà. Àwọn ọmọ yẹn bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá wọn títí tó fi kú ní 1997. Síbẹ̀, Sammo àti Chan ti sọ pé ohun tí ojú àwọn rí gan-an le ju èyí tí fíìmù fi hàn lọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, wọn kò sì parọ́ nípa igi. Mo rò pé àwa náà lè di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ tí wọ́n ń lo Jackie Chan láti fi gbèjà ẹni tó ń lu ọmọṣẹ́, ẹ bi wọ́n nípa ọdún 1977. Ìyà ti parí lọ́dún yẹn, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ wò ó. Àyè ló ń wá.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi: fíìmù rẹ̀ wo lẹ kọ́kọ́ wò, ta sì ni ẹ̀ ń bá wò ó? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ Sammo Hung ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí ẹ̀gbọ́n náà ní ìtàn tirẹ̀. Ó dìgbà náà o.